Ètò Tó Ti Ń Ṣiṣẹ́ Ni Mo Fi Ń Kọ́ Ọmọ Ní Kóòdù

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń gbé síwájú ọmọ tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù ni ètò kékeré kan (program, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà) tó ti pé, tó sì ń ṣiṣẹ́. N kì í ní kó kọ ohunkóhun. Màá ní kó kà á, kó sọ ohun tó rò pé yóò ṣe, kó tẹ F5, bọ́tìnnì tó ń mú kí ètò ṣiṣẹ́, kó wò ó, lẹ́yìn náà kó yí ohun kan padà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ la máa ń wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó ní kí ẹnikẹ́ni ṣí ojú ewé òfìfo.

Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣe é, nígbà tí iléèwé bá gba ìsinmi. Àwọn ọmọ JSS2 dé SS1 ló pọ̀ jù nínú wọn. Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò, la ń lò; inú Thonny, ibi tí a ti ń tẹ ètò tí a sì ti ń wò ó, la ti ń lò ó. Yunifásítì Tartu ní Estonia ni wọ́n ti ṣe Thonny, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe é fún. Python ti wà nínú rẹ̀; bí ẹ bá ti lè gbé e sórí láptọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ti parí. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí dátà sì wọ́n, ohun tó ṣe pàtàkì nìyẹn. Ọmọ méjì ló ń jókòó ti láptọ́ọ̀pù kan: ọ̀kan á tẹ̀, èkejì á máa kà, wọ́n á sì pààrọ̀ ara wọn. Fúláàṣì ni mo fi ń pín ètò fún wọn.

Nígbà tí èmi wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, pátákó ni kọ̀ǹpútà wa. Tíṣà á kọ BASIC, èdè kọ̀ǹpútà kan, sí i, 10 REM, 20 INPUT, 30 LET, àwa náà á dà á kọ sínú ìwé, a ó há a sórí de ìdánwò. N kò rí i kí ìlà kan nínú rẹ̀ ṣiṣẹ́ lójú mi rí. Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ tí mo kà á pé ọdún 1964 ni John Kemeny àti Thomas Kurtz ṣe èdè BASIC ní Dartmouth, iléèwé gíga kan l'Amẹ́ríkà, àti pé torí kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kọ́ sáyẹ́ǹsì lè jókòó ti ẹ̀rọ, kó dán nǹkan wò, kó sì rí èsì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ fún dídánwò la sọ di àkọ́sórí.

Kódà níbi tí kọ̀ǹpútà bá wà, ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ ibi ṣì ń gbà. Tíṣà á kọ ètò sójú pátákó, ọmọ á máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ọmọ tí kò tíì mọ ibi tí àmì kọ́lọ́ọ̀nù wà lórí kíbọ́ọ̀dù: á tẹ̀, á pa á rẹ́, á tún un tẹ̀. Nígbà tí yóò fi tẹ̀ ẹ́ tán, àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, ohun tó sì máa rí ni ìlà pupa tó ń sọ pé nǹkan kan kò tọ́. Ó máa padà sílé pẹ̀lú èrò pé wíwá àmì tó sọnù ni wọ́n ń pè ní kóòdù. Kò tíì pàdé kóòdù rárá.

Ètò tí mo sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ nìyí; kọ̀ǹpútà á mú nọ́ńbà kan sápò (iṣẹ́ randint nìyẹn), ọmọ á sì méfò rẹ̀:

import random
nọ́ńbà = random.randint(1, 10)
ìdáhùn = int(input("Mú nọ́ńbà kan, láti 1 dé 10: "))
if ìdáhùn == nọ́ńbà:
    print("O gbà á!")
else:
    print("Kì í ṣe òun.")

Kò ju ìlà méje lọ. Ọmọ tí kò mọ ohun tí import jẹ́ ṣì lè fojú inú rí ohun tí ètò náà ń ṣe, torí Yorùbá ló kún inú rẹ̀. Láti ìgbà tí Python 3 ti jáde lọ́dún 2008 ló ti gbà kí èèyàn fi àmì ohùn àti ẹ, ọ, ṣ sí orúkọ tó bá fún nǹkan. Àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti Python fúnra rẹ̀, tí èèyàn ò lè fi sọ nǹkan lórúkọ, jẹ́ 35 péré, a kì í sì lò tó mẹ́wàá nínú wọn ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ wa. Ọmọ tó bá ti mọ if, else àti while, ìyókù wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti sọ lórúkọ bó bá ṣe wù ú. Ohun kan péré ni mo máa ń kìlọ̀ fún wọn: owo àti owó kì í ṣe ọ̀kan náà lójú Python. Ọmọ kan kọ owó lókè, ó kọ owo nísàlẹ̀, Python sì ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ owo. NameError nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń kọ́ wọn pé ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ pupa yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń sọ ohun tó ń bí i nínú.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe rọrùn: ẹ jẹ́ kó lọ dé 100. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ kì í yí padà. Àwọn kan á yí 10 tó wà nínú randint, wọ́n á gbàgbé èyí tó wà nínú ìbéèrè. Ètò náà á máa ní kí o mú nọ́ńbà láti 1 dé 10, nígbà tó jẹ́ pé 67 ló ti mú sápò. Wọ́n á méfò títí, wọn ò ní gbà á. N kì í sọ ohun tó fà á fún wọn. Màá kàn ní kí ẹni tó ń kà ka ètò náà sókè ketekete fún ẹni tó ń tẹ̀. Láìpẹ́ ọ̀kan á pariwo pé, "Àǹtí, 10 kan ṣì wà níbí!" Ìgbà yẹn ni mo máa ń fi hàn wọ́n pé a lè kọ òpin = 100 lókè, ká wá máa pe òpin níbi gbogbo tí a bá ti nílò rẹ̀, kó jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo la ó máa yí. Tí mo bá ti sọ èyí fún wọn ṣáájú, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan. Ní báyìí tó ti ni wọ́n lára, wọ́n ń lò ó láìjẹ́ pé mo rán wọn létí.

Bó bá ti di 100 tán, ẹjọ́ mìíràn dé. "Àǹtí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n jẹ́ ká mú, kò sẹ́ni tó lè gbà á!" Òótọ́ ni. Ẹjọ́ yẹn ni mo ti ń dúró dè, torí while, ọ̀rọ̀ tó ń mú kí ẹ̀rọ máa tún nǹkan ṣe léraléra, ni ìdáhùn rẹ̀:

ìdáhùn = 0
while ìdáhùn != nọ́ńbà:
    ìdáhùn = int(input("Mú nọ́ńbà kan: "))
    if ìdáhùn < nọ́ńbà:
        print("Ó kéré.")
    elif ìdáhùn > nọ́ńbà:
        print("Ó pọ̀ jù.")
print("O gbà á!")

N kì í fún wọn ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. While ni mo máa ń kọ́kọ́ fún wọn, láìsí "Ó kéré" àti "Ó pọ̀ jù", kí wọ́n máa méfò títí tí yóò fi sú wọn, kí wọ́n sì béèrè fún ìrànwọ́ fúnra wọn. Ọmọ JSS3 kan, nígbà tó ti ní ìrànwọ́ yìí lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í fi 50 ṣe ìbẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo. Bó bá kéré, ó mú 75. Bó bá pọ̀ jù, ó mú 25. Àwọn yòókù ṣì ń sáré kiri, òun ti ń gbà á nígbà méje, ó pẹ́ tán. Mo bi í pé tó bá jẹ́ láti 1 dé 1000 ńkọ́? Ó ní bóyá ìgbà àádọ́rin. Mo ní kó yí òpin padà kó dán an wò. Ìgbà mẹ́wàá ló pọ̀ jù. Ó dán mílíọ̀nù kan wò, kò ju ogún lọ. Ó dìde kúrò lórí àga! Ọgbọ́n tí ètò ńlá fi ń wá nǹkan láàárín ohun tí wọ́n ti tò létòlétò ló fọwọ́ ara rẹ̀ rí yẹn, pé kí a máa pín in sí méjì, kí a máa sọ ìdajì nù. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Tó bá jẹ́ pé orí pátákó ni mo kọ ọ́ sí ni, ì bá gbàgbé rẹ̀ kó tó délé.

Òfin kan wà tí n kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ní kíláàsì mi: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ F5 láìjẹ́ pé ó ti kọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó. Bí a bá mú òfin yìí kúrò, yíyí ètò padà á di ká máa fọ́jú tẹ bọ́tìnnì: ọmọ á fi 5 síbẹ̀, á fi 8, á fi 20, títí nǹkan kan á fi jáde tó dà bí ohun tí tíṣà fẹ́. Ó ṣe é, kò sì mọ ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ ní ohun tó máa fi wé èsì. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, yóò fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ tọkàntọkàn.

Ìgbà tí òfin yìí máa ń so èso jù lọ ni ọjọ́ tí mo bá ní kí wọ́n yọ int kúrò nínú ètò àkọ́kọ́, kó ku input nìkan. Ẹ kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Gbogbo wọn ló máa ń kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ pupa yóò jáde. Wọ́n tẹ F5, kò sí ọ̀rọ̀ pupa kankan. Ètò náà béèrè nọ́ńbà, wọ́n mú un, ó ní "Kì í ṣe òun." Wọ́n tún méfò. "Kì í ṣe òun." Màá wá ní kí wọ́n fi print(nọ́ńbà) sí ìlà kẹta kí wọ́n lè rí ohun tí ẹ̀rọ mú kí wọ́n tó dáhùn. Ẹ̀rọ mú 7, wọ́n tẹ 7, ó ní kì í ṣe òun. Kíláàsì máa ń gbóná lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó fà á ni pé ọ̀rọ̀ ni Python ka ohun tí a bá tẹ̀ sí, àfi bí a bá fi int sọ ọ́ di nọ́ńbà. 7 tó jẹ́ lẹ́tà àti 7 tó ṣeé kà kò dọ́gba lójú rẹ̀ láéláé. Àṣìṣe tí kì í pariwo nìyẹn, òun ló sì léwu jù nínú iṣẹ́ yìí, torí ètò náà ń lọ geere, irọ́ ló ń pa. Kò sí bí mo ṣe lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kọ́ wọn ní èyí. Àfi kí ètò tó dára wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, kí wọ́n rí bó ṣe dà.

Àwọn olùwádìí ti kọ̀wé sí irú ìlànà báyìí. Irene Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ l'Amẹ́ríkà ṣàlàyé lọ́dún 2011 pé kí ọmọ kọ́kọ́ lo ètò, kó tún un ṣe, kó tó wá dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ní England, Sue Sentance àti Jane Waite gbé ìlànà tí wọ́n ń pè ní PRIMM jáde lọ́dún 2017: sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, jẹ́ kó ṣiṣẹ́, yẹ̀ ẹ́ wò, tún un ṣe, ṣe tìrẹ. Èyí tí mo fara mọ́ jù nínú tiwọn ni pé wọ́n fi sísọ-ohun-tí-yóò-ṣẹlẹ̀ síwájú gbogbo rẹ̀.

A tún máa ń fi ètò yàwòrán. Ìjàpá ni wọ́n ń pe ẹni tó ń yàwòrán náà, turtle. Láti inú Logo ló ti wá, èdè tí Seymour Papert, Wally Feurzeig àti Cynthia Solomon ṣe fún àwọn ọmọdé lọ́dún 1967.

from turtle import *
for i in range(4):
    forward(100)
    right(90)

Igun mẹ́rin ló yà yẹn. Ẹ sọ ọ́ di onígun mẹ́ta. Wọ́n á fi 3 sípò 4, wọ́n á sì fi 60 sípò 90, torí wọ́n ti kọ́ ọ nínú ìṣirò pé igun inú onígun mẹ́ta tó dọ́gba jẹ́ 60. Ìjàpá á yà á, kò ní padé. Mo máa ń ní kí ọmọ kan dìde kó rìn ín lórí sìmẹ́ńtì, kí àwọn tó kù máa wo bó ṣe ń yí ara rẹ̀ bó bá dé kọ̀rọ̀. Wọ́n á rí i pé yíyí tó ń yí ju 60 lọ dáadáa: 120 ni. Láti ibẹ̀, ẹnì kan á rí i pé 90 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 360, 120 lọ́nà mẹ́ta náà jẹ́ 360, wọ́n á sì fúnra wọn ya onígun márùn-ún pẹ̀lú 72 láìbéèrè lọ́wọ́ mi.

Ọmọkùnrin kan tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń ta àdìrẹ ní Ìtọ́kú ló mú èyí lọ síbi tí n kò rò. Ó fi bgcolor("navy") sí i, ó sọ ìlà rẹ̀ di funfun. Ó wá ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ kì í jẹ́ igun kan ṣoṣo, pé ńṣe ni wọ́n máa ń pín aṣọ sí onígun mẹ́rin káàkiri, tí wọ́n á wá ya ọnà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Báwo lòun ṣe lè ṣe ìyẹn? Bí for inú for (kí ètò máa tún ohun kan ṣe nínú ohun mìíràn tó ń tún ṣe) ṣe wọ kíláàsì wa nìyẹn, torí aṣọ náà ni ó béèrè fún un.

Àwọn òbí kan máa ń bi mí pé ṣé kì í ṣe àdàkọ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ìbéèrè tó tọ́ ni, n kì í bínú sí i. Ìyá ọmọ kan tó jẹ́ télọ̀ ló bá mi dáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan: ó ní òun kì í fún ọmọ iṣẹ́ ní aṣọ tuntun gé lọ́jọ́ tó bá dé, pé aṣọ tí òun ti rán ni yóò kọ́kọ́ máa ṣẹ́ létí, tí yóò máa tú, títí yóò fi mọ bí wọ́n ṣe so ó pọ̀. Mo sì fi kún un pé iṣẹ́ kóòdù fúnra rẹ̀, kíka iṣẹ́ ẹlòmíràn àti títún un ṣe ló pọ̀ jù níbẹ̀. Linux, ètò ńlá tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991, ọwọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń tún iṣẹ́ ara wọn ṣe ló ti dàgbà. Lórí Scratch, èdè kóòdù àwọn ọmọdé tí yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2007, bọ́tìnnì wà tí ọmọ fi lè mú ètò ọmọ mìíràn kó tún un ṣe, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é á sì wà níbẹ̀. Èmi náà fi ìyẹn ṣòfin: ẹni tó bá mú ètò ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fi #, àmì tí Python kì í ka ohun tó bá tẹ̀ lé e sí àṣẹ, kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ pé láti ọwọ́ ta ni, àti ohun tí òun yí padà nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò jalè.

Ó ṣe pàtàkì kí ètò tí a fẹ́ fún ọmọ jẹ́ èyí tó yẹ. Èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń gùn jù, tàbí kí ẹni tó kọ ọ́ ti fi ọgbọ́n àgbà sínú rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mò ń kọ ọ̀pọ̀ nínú èyí tí mò ń lò. Ó gbọ́dọ̀ hàn tán lójú kọ̀ǹpútà láìfà á sísàlẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ ní ohun kan tí yóò máa yún ọmọ lọ́wọ́ láti yí, nǹkan tó kéré jù, tàbí tó pọ̀ jù, tàbí tó kù díẹ̀ káàtó. Ètò tí kò ní àbùkù kankan kì í kọ́ ọmọ ní nǹkan.

Ibi tó le jù ni ibi tí wọ́n ti máa fi ètò mi sílẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n mọ àtúnṣe ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n bí o bá ní kí wọ́n kọ tiwọn, wọ́n á jókòó wò ọ́. Ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni kí ìrànwọ́ máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Màá fún wọn ní ètò tí mo ti yọ ìlà méjì kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, màá fún wọn ní ètò méjì pé kí wọ́n sọ wọ́n di ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni màá ní kí wọ́n ṣí ojú ewé òfìfo, ṣùgbọ́n wọ́n lè ṣí ètò àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fún ọmọ tí kò ní láptọ́ọ̀pù nílé, Pydroid 3, áàpù tí a fi ń lo Python lórí fóònù Android, ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rọrùn láti tẹ àlàfo iwájú ìlà lórí fóònù.

Ọmọbìnrin SS1 kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ alájọ ló kọ èyí sójú ewé òfìfo tirẹ̀:

àpapọ̀ = 0
owó = 1
while owó != 0:
    owó = int(input("Èló ló san? "))
    àpapọ̀ = àpapọ̀ + owó
print("Gbogbo rẹ̀ jẹ́ náírà", àpapọ̀)

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí eré nọ́ńbà nínú rẹ̀. While kan náà ni, int àti input kan náà. Ìlà kejì ni mo fẹ́ràn jù. Nínú eré, ìdáhùn = 0 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun náà sì kọ́kọ́ kọ owó = 0. Ètò rẹ̀ parí kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ní náírà 0. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé yóò béèrè owó. Ó wo ìwé, ó wo ètò, ó ka while sókè fún ẹnì kejì rẹ̀, ó rí i pé òun ti fi 0 sílẹ̀ níbi tí 0 ti túmọ̀ sí "ó tó". Ó sọ ọ́ di 1. N kò bá a dá sí i.

Ó gbé e lọ sílé fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà tẹ owó bíi mélòó kan sí i, ó ní ó dára, ó wá béèrè pé báwo ni òun ṣe máa mọ ẹni tó san án. Ọmọ náà bi mí ní ìbéèrè yẹn gan-an nígbà tó padà dé. Orúkọ àti owó gbọ́dọ̀ máa rìn pọ̀, dictionary ni Python fi ń ṣe é, mo sì ti kọ ètò kékeré kan tó ń tọ́jú orúkọ ọjà àti iye wọn sórí fúláàṣì fún un. Yóò kà á ná, yóò kọ ohun tó rò pé yóò ṣe, kó tó wá sọ orúkọ ọjà di orúkọ àwọn tó ń dájọ.